Ọjọ́ Mẹ́tàdínlógún tí Ìyá Mi Fi Ń Bèèrè Mi

Wọ́n sin ìyá mi ní Sakété ní Ọjọ́rú kan, èmi ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì jókòó ní Ìlaròó níwájú abọ́ ìrẹsì, ìrìnàjò wákàtí méjì péré sí ibojì náà, nítorí pé àwọn àgbàlagbà mẹ́rin ti fẹnu kò pé n kò gbọdọ̀ gbọ́.

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń rántí ilé tí mo wà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá, ìyẹn ìyá tó gbà mí sílé ní Ìlaròó, ti ń ṣe gàrí. Wọ́n á to àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ léra wọn lábẹ́ jáàkì, wọ́n á fún un mọ́lẹ̀, omi funfun kíkan yóò sì máa ṣàn gba ojú gọ́tà kékeré kan lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, òórùn náà máa ń mú inú mi rìndọ̀. Nígbà tó fi di oṣù kejì, n kì í gbọ́ ọ mọ́, àfi bí mo bá jáde tí mo sì padà wọlé. Nígbà náà ni yóò wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń bi mí níbi tí mo lọ. Títí di òní, bí ọkọ̀ wa bá ń kọjá ní Owódé tí afẹ́fẹ́ sì gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, mo ní láti kọjú sí fèrèsé kí àwọn tí a jọ wọkọ̀ má baà rí ojú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gbé mi wá: àwa márùn-ún láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlaròó fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ tiwọn márùn-ún sì lọ kọ́ Faransé lọ́dọ̀ tiwa. O lè rẹ́rìn-ín bí o bá mọ ojú ọ̀nà yẹn. Ilẹ̀ òkèèrè wo ló wà láàárín Sakété àti Ìlaròó? Yorùbá náà ni à ń sọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn ń fẹ́ ara wọn níyàwó láti ìhà méjèèjì, ẹ̀gẹ́ kan náà ni a sì ń gbìn. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ wà, fáìlì wà, ìwé ìyọ̀ǹda wà, ẹni tó bá sì ní fáìlì lọ́wọ́ lè sọ ìrìnàjò wákàtí méjì di òkun.

Òfin mẹ́ta ni alábòójútó ètò náà kà sí wa létí lọ́jọ́ tí a dé. A kò gbọdọ̀ sọ Faransé. A kò gbọdọ̀ rékọjá bọ́dà títí ìdánwò àṣekágbá yóò fi parí. A ó kó fóònù wa lé òun lọ́wọ́, a ó sì máa pe ilé láràárọ̀ Sátidé ní ọ́fíìsì òun, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Kí ọkàn yín má baà pín sí méjì," ló wí. Ìyá mi ti tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda náà nítorí kò mọ̀wé kọ. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, mo sì ti kà á títí igun rẹ̀ fi gbó. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó ti sọ pé bí obìnrin tó tẹ̀ka náà bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tó sì ń bèèrè ọmọ rẹ̀, wọn kò ní pè é.

Ilé tí wọ́n fi mí sí dára. Mo gbọdọ̀ sọ ìyẹn, torí n kò fẹ́ kí ìbínú mú mi purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ́tí sí rédíò pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ọmọbìnrin wọn, tí mò ń pè ní Àǹtí, ń lọ sí pólì, yàrá kan náà ni a sì jọ ń sùn. Òun ló sọ mí ní Ọmọ Kútọnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi.

"Ọmọ Kútọnu, ṣé wọ́n ń jẹ gàrí lọ́dọ̀ yín, àbí búrẹ́dì gígùn nìkan?"

"À ń jẹ ẹ́, Àǹtí. Àwa la tiẹ̀ ń tà á fún yín."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún! Gàrí wa ni wọ́n ń kó gba Ìdí-Ìrókò lọ fún un yín, ẹ ó wá ní tiyín ni."

Màmá, tó jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, á gbè mí lẹ́sẹ̀. "Fi í sílẹ̀ jàre. Wo bó ṣe ń bó ẹ̀gẹ́. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n bó báyìí kì í ṣe ọmọ Kútọnu mọ́, ọmọ tèmi ni." Inú mi máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n ó fi yára bó o sí i, títí awọ àtàńpàkò mi á fi bó.

Àmọ́ mo ní ìyá. Aránṣọ ni, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán jù. Bàbá mi ti kú kí n tó lè mọ ojú rẹ̀, nítorí náà àwa méjì péré la jọ ń gbé nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ" ni mo máa ń pè é, bó ṣe ń pe èmi náà, bí ọ̀rẹ́ méjì. Ìgbà tí mo dé Ìlaròó ni mo tó kọ́ láti máa fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀ láìgbàgbé. Ní Sátidé, yóò máa pariwo sínú fóònù bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá bọ́dà.

"Ṣé o jẹun? Ṣé wọn kì í nà ọ́?"

"Ìyá, wọn kì í nà mí."

"Bí wọ́n bá nà ọ́, sọ ọ́ kíá, kí wọn tó já fóònù. Mo lè dé ọ̀dọ̀ yín kí ilẹ̀ tó ṣú!"

Àwọn mẹ́rin tó kù tí a jọ ń dúró de fóònù á bú sẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí ìdánwò kò ju oṣù kan lọ mọ́, alábòójútó wá sílé wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wọ táì nínú ooru yẹn. Mo gbé omi tútù lọ fún un lórí tíréè, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ gé lójijì bí mo ti yọ. Bàbá ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Lọ bá àǹtí rẹ lẹ́yìn." Mo ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn Màmá.

"Ọmọ èèyàn mà ni, ọ̀gá. Kí ló dé tí kò ní lè lọ wò wọ́n fún ọjọ́ kan péré?"

"Màmá, bí mo bá tú ẹnì kan sílẹ̀, gbogbo wọn ló máa ní àwọn fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó ṣèdánwò tán. Wọn ò sì tíì sọ pé ó le."

Mo gbọ́ ọ, kò sì sọ sí mi lọ́kàn pé èmi ni. Ọ̀kan nínú àwa márùn-ún ní ìyá àgbà tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Mo káàánú rẹ̀. Kí n tó sùn, mo gbàdúrà fún ìyá ẹlòmíràn, mo sì sùn dáadáa. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí ìyá mi ti ń bèèrè mi. Mo mọ iye ọjọ́ náà nítorí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó tọ́jú rẹ̀, kà wọ́n fún mi lórí ìka lẹ́yìn ọdún púpọ̀: Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́rú ló parí, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko.

Láti ọjọ́ tí ọkùnrin oní-táì yẹn ti wá ni ilé ti yí padà, tí n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Màmá kì í rán mi níṣẹ́ sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ mọ́. Ẹran tó bọ́ sínú abọ́ mi di méjì. Àǹtí kò pè mí ní Ọmọ Kútọnu mọ́. Orúkọ mi gan-an ló ń pè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá di ẹyin mú. Ṣé o mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé wọ́n ti wá fẹ́ràn mi gan-an ni. Mo tiẹ̀ gbéra ga díẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbé fóònù. "Ìyá rẹ lọ sí ọjà Pobẹ̀, ó lọ ra aṣọ."

"Ó tún gbàgbé fóònù sílé?"

"O kúkú mọ̀ ọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe rí. Ní Sátidé kejì, ó ní ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọkùnrin oní-fáìlì yẹn jókòó sí iwájú mi ní ìgbà méjèèjì, ó ń fi bírò yí orúkọ mi ká nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún mi nínú fóònù tirẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, ó ní, "Ó tó. Ẹni tó kàn."

Ọjọ́rú náà wá dé, ilé-ìwé sì ti fi wá sílẹ̀ láti máa múra ìdánwò nílé. Aago méjìlá ti kọjá díẹ̀. Mo mọ̀ torí rédíò Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìròyìn ọ̀sán ni. Alábòójútó wọlé, kò jókòó. Láti ẹ̀yìnkùlé, mo rí Bàbá lójú fèrèsé tí wọ́n pa rédíò, tí wọ́n sì ṣí fìlà lórí. Lẹ́yìn náà ni Màmá jáde wá, tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

"Ó tó. Lọ wẹ̀."

"Màmá, ó mà ku apẹ̀rẹ̀ kan."

"Mo ní ó tó."

Wọ́n jókòó sórí àpótí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́ náà, èèpo tí wọ́n ń bó sì nípọn bí ọwọ́. Àǹtí ní, "Màmá, ẹ ń bó o mọ́ ara rẹ̀ o." Mo wẹ̀ tán, ìrẹsì ti wà nílẹ̀, ìrẹsì ní Ọjọ́rú, nínú ilé tó jẹ́ pé Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń sè é. Mo jẹ ẹ́ tán pátá. Wọ́n sin ìyá mi lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀. Láti aago méjìlá sí mẹ́rin, wákàtí mẹ́rin ni. Ọ̀nà náà, wákàtí méjì. Bí ẹnì kan bá ti la ẹnu sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi, mo lè rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó dì í. Àyè wà. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn, kì í ṣe pé ìròyìn pẹ́. Wọ́n ní àyè náà lọ́wọ́, wọ́n sì lò ó láti se ìrẹsì fún mi.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé àṣà wa ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ àṣà náà, wọ́n bí mi sínú rẹ̀. A kì í fi ikú pàdé ọmọ tó wà lájò. A ó ránṣẹ́ sí i pé ara wọn kò yá díẹ̀, pé kó máa bọ̀. Ẹni tó lọ mú un á máa bá a sọ ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ oko lójú ọ̀nà, títí wọn ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé, níbi tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti wà láti gbá a mú. Àánú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí àṣà náà ń ṣe: ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ọmọ lè délé ní àlàáfíà ni. Ilé ló ń gbé e lọ. Àwọn èèyàn yìí gé àṣà náà sí méjì, wọ́n mú ìdajì tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n sì ju ìdajì tó ń gbé ọmọ lọ sílé dànù.

Mo ti sún mọ́ ibi tó ń dùn mí jù láti kọ. Ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú náà, tó tún jẹ́ Ọjọ́rú, a ṣì ń múra ìdánwò nílé. Láàárọ̀, mo bá Màmá nídìí iná tí wọ́n ń dín mọ́sà àti àkàrà, agbọ̀n ńlá kan. Ẹlẹ́sìn Krístì ni Màmá, ọmọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí sì ni àwa nílé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti rí wọn tí wọ́n lọ jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ Alhájà àgbàlagbà tó ń gbé òdìkejì títì, tí wọ́n ń bi í ní nǹkan, tí Alhájà sì ń fi ọwọ́ ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n wá ń bù ú sínú àwo fún mi.

"Gbé e lọ fún Alhájà. Kúnlẹ̀ fún wọn dáadáa. Bí wọ́n bá ṣàdúrà, kó o ṣe àmín."

"Àdúrà kí ni, Màmá?"

"Àdúrà ṣá ni. Ṣé àdúrà ń pọ̀ jù ni?"

Mo gbé e lọ. Alhájà gba àwo náà, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí. "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọlọ́run á dárí jì wọ́n. Ọlọ́run á bá wọn wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀." Mo ń ṣe àmín, àmín, orúnkún mi sì ń dùn mí torí àdúrà náà gùn. Mo ní, "Alhájà, ta ló kú?" Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé wa níbi tí Màmá dúró sí, wọ́n tún wò mí. "Ìyá kan ni. Ìyá dáadáa ni." Mo ní Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ, mo sì sáré padà lọ gbé àwo tó kàn. Ilé mẹ́sàn-án ni mo gbé e dé. Lójú ọ̀nà, mo mú mọ́sà kan jẹ nínú àwo, ó gbóná, ó dùn, mo sì fi han Àǹtí pé mo ti jalè. Kò rẹ́rìn-ín.

Sàárà ọjọ́ kẹjọ ìyá mi ni. Èmi ni mo gbé e kiri àdúgbò lọ́wọ́ ara mi, tí mò ń sáré, tí mò ń jẹ nínú rẹ̀, tí gbogbo ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi sì mọ ohun tí èmi kò mọ̀. Mo ti rò ó títí, n kò mọ ibi tí mo lè fi í sí. Lọ́jọ́ mìíràn, ìkà gbáà ni mo máa ń pè é. Lọ́jọ́ mìíràn, mo máa ń rí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ àti ọkùnrin oní-fáìlì ti dí lẹ́nu, tí kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ tí kò gbà kí ọjọ́ kẹjọ obìnrin bíi tirẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn án. Tó lọ kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ọ̀sán kan nítorí rẹ̀. Òun nìkan nínú àwọn mẹ́rin ló ṣe nǹkan kan fún òkú náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè kórìíra rẹ̀ délẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí omi fi máa ń bọ́ lójú mi bí mo bá gbọ́ òórùn mọ́sà.

Mo ṣe ìdánwò náà. Wọ́n fagi lé ìpè Sátidé fún gbogbo wa, wọ́n ní kí ọkàn wa lè wà lójú kan. Èmi ni mo gba ipò kìn-ín-ní nínú àwa márùn-ún, ọ̀gá náà fi ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n sì yà wá ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn títí di òní: ìyá mi ti lo ọjọ́ mẹ́tàlélógún nínú ilẹ̀ níbi tí mo ti ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá àti Màmá ní àwọn yóò sìn mí délé. Mo kà á sí ọlá. Ní Ajílété, Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀ mọ́; wọ́n fi ọwọ́ kan fa ìwé wọn yọ fún àwọn aṣọ́bodè ní Ìdí-Ìrókò. Ní ìhà kejì, tí mo ti lè sọ Faransé bó ṣe wù mí, mo sọ ọ́ títí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a yà sí àdúgbò wa, mo rí i pé ẹ̀rọ ìránṣọ náà kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Àwọn obìnrin jókòó lórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde wá pàdé mi, ohun àkọ́kọ́ tó sì bi mí, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun, ni pé, "Ṣé o ṣe ìdánwò náà dáadáa?"

Mo lọ sí yunifásítì lórí èsì ìdánwò yẹn. Mo di olùkọ́ èdè. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ di ohun tó ti kọjá, n ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bí a ti jọ jókòó tí a ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, sọ èyí tó kù. Ó ní ìyá mi ní kí wọ́n yí ẹní òun padà kí òun lè máa wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní bí ọ̀kadà bá ti dúró lóde, yóò gbé orí sókè. Títí di ọjọ́ kẹsàn-án ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé e sókè mọ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án?"

"Ọ̀gá yín wá láti Ìlaròó. Òun àti ọkọ mi wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ti jíṣẹ́ fún ọ, o sì ní o kò lè fi ìdánwò sílẹ̀ wá."

Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní, "Èmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Àwa náà gbà á gbọ́. Mo bínú sí ọ fún ọdún kan, ọmọ mi. Má bínú."

Wàyí o, ẹ gbọ́. Pé wọ́n purọ́ fún mi, mo ti gbé ìyẹn, ó ti di ara ẹrù mi. Wọ́n fi ẹnu tèmi purọ́ fún ìyá mi. Ọkùnrin tó ní ọ̀nà náà kò ṣeé gbà fún akẹ́kọ̀ọ́, òun alára gba ọ̀nà náà lọ, ó sì gbà á bọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Àyè wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin kan. Ó dé ẹ̀bá ẹní ìyá mi. Ó rí bó ṣe rí. Ó padà wá, ó sì jókòó níwájú mi ní Sátidé náà tí mo ń gbọ́ ìròyìn ìsọmọlórúkọ.

Mo ti bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n sinmi." Alábòójútó ní, lórí fóònù, "Ọjọ́ iwájú rẹ la rò. Wo ibi tó o dé lónìí." Bàbá ní ìlànà ni, àwọn kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lọ sí Sakété. Màmá kò ṣàlàyé ohunkóhun. Wọ́n dìde lórí àga, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún mi nínú pálọ̀ wọn. N kò mọ ìgbà tí èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn. Èyí tí mo rí gbà nìyẹn láti ìhà méjèèjì bọ́dà: obìnrin kan tó ní òun ṣẹ̀ mí.

Ọ́fíìsì ètò náà kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé kí n kọ ìrántí mi fún ìwé tí wọ́n fẹ́ fi máa wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe dáadáa jù ní sáà tiwa. Mo ti kọ ọ́. Òun nìyí.

Ìdáhùn ni mo sì ń bèèrè, kì í ṣe àánú. Ta ni nínú yín ló ronú kan gbólóhùn yẹn, pé mo ní n kò lè wá, kí ẹ tó wọ yàrá náà? Ta ló la ẹnu sọ ọ́? Àwọn òbí mélòó mìíràn ni ẹ ti fi ẹnu ọmọ wọn dá lóhùn, tí ẹ sì ń fẹ́ kí n bá yín wá ọmọ sí i? Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ dúró ti ẹní náà, ojú yín kò ní ṣàìrí ojú rẹ̀, etí yín kò ní ṣàìgbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní n kò ní wá, ó dá yín lóhùn àbí kò dá yín lóhùn? Kí ni ìyá mi wí?